Ẹ Jẹ́ Kí Oòrùn Yọ Kí Ẹ Tó Gbéra: Ìdáhùn Lórí Ìrìn Àjò Mọ́tò Láti Adelaide Dé Darwin

Arábìnrin wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Adelaide, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni ó kọ̀wé sí mi. Òun àti ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì, àti bàbá rẹ̀ tí ó wá kí wọn láti Òṣogbo, fẹ́ fi ọkọ̀ háyà rìn láti Adelaide dé Darwin ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ nínú oṣù Keje. Wọ́n ti ṣètò pé ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn yóò fi lọ, pé agogo mẹ́rin ìdájí ni àwọn yóò máa gbéra lójoojúmọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ti Èkó lọ sí Òṣogbo, àti pé òun àti ọkọ rẹ̀ ni yóò máa gba ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ara wọn. Ó béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn mọ̀ nípa ọ̀nà náà, ó sì béèrè bóyá ó bójú mu láti mú Bàbá dání, nítorí pé ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, arábìnrin wa, ẹ sì bá mi kí Bàbá kú àbọ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni mo ń ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀nà tí ẹ ń béèrè nípa rẹ̀ yìí gan-an ni mo sì ń ná láti ọdún pípẹ́ wá, nítorí náà ohun tí mo ń fi ojú rí níbẹ̀ ni mo máa sọ. Ìrìn àjò náà dára, mo sì fẹ́ kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ yí ohun méjì padà nínú ètò yín kí ẹ tó san owó ibùsùn kankan. Ẹ má ṣe gbéra ní agogo mẹ́rin ìdájí, ẹ má sì ṣe fi ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Mo mọ ibi tí ètò agogo mẹ́rin ti wá, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní ilé, ọgbọ́n ni. Ẹni tí ó bá tètè jí kúrò ní Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger, ilẹ̀ kò sì ní ṣú bá a ní ojú ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń bẹ̀rù lójú ọ̀nà ilé, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti wá: kòtò tí wọn kò dí, ọlọ́ṣà àti ajínigbé, tírélà tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà tí wọn kò fi àmì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lórí Stuart Highway, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ ó gbà dé Darwin, títì ọlọ́dà náà dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tí yóò dá yín lọ́nà. Àìsí ènìyàn gan-an ni ewu ibẹ̀. Bí oorun bá gbé awakọ̀ lọ, bí ẹ bá kọ lu màlúù, tàbí bí táyà bá bẹ́, ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà lè jìnnà sí yín tó ìdajì ọ̀nà Èkó sí Òṣogbo, kí ọkọ̀ mìíràn má sì kọjá fún ìgbà pípẹ́. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Láti Adelaide dé Port Augusta jẹ́ nǹkan bí 310 kìlómítà. Port Augusta ni Stuart Highway ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tún kù tó nǹkan bí 2,700 kìlómítà kí ó tó wọ Darwin, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi lé ní 3,000. Èkó sí Kánò jẹ́ nǹkan bí 1,000 kìlómítà, a ó sì kọjá Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà àti Kàdúná kí a tó débẹ̀. Ẹ ka ọ̀nà yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì yọ gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyẹn kúrò nínú rẹ̀. Láàárín Port Augusta àti Darwin, ibi tí ènìyàn lè pè ní ìlú ní tòótọ́ kò ju Coober Pedy, Alice Springs, Tennant Creek àti Katherine lọ. Àwọn yòókù jẹ́ roadhouse, ìyẹn ilé epo kan, ilé oúnjẹ kan, àti yàrá mélòó kan fún àlejò, kí aṣálẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn la ọ̀nà náà gba ibi tí ó wù wọ́n. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí omi wà. John McDouall Stuart, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà náà, la àárín ilẹ̀ yìí já dé etíkun àríwá ní ọdún 1862 nípa wíwá omi láti ibì kan dé ibòmíràn, àìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kí ó tó padà délé. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn tí ó na wáyà tẹlígíráàfù láti Port Augusta dé Darwin tẹ̀lé ní púpọ̀ jù, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1872. Barrow Creek, Tennant Creek àti Alice Springs tí ẹ ó yà sí, ibùdó tẹlígíráàfù ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ apá àríwá di títì gidi, nígbà tí àwọn ológun ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kó ẹrù lọ sí Darwin, ó sì di ọdún 1987 kí wọ́n tó fi ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀ tán. Láti ìgbà Stuart títí di òní, omi ni ó ń pàṣẹ ibi tí a ó dúró sí lórí ọ̀nà yìí, arìnrìn-àjò tí ó bá sì fẹ́ fi agídí yan ibi ìdúró tirẹ̀ ń fi ara rẹ̀ wewu.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ rìn ní ìdájí ni ẹranko. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kangarúù ń jáde jẹko, ọ̀sán ni ó fi ń sinmi lábẹ́ igi nítorí ooru. Omi òjò tí ó ń ṣàn kúrò lórí títì máa ń mú kí koríko ẹ̀bá ọ̀nà tutù ju ti inú aṣálẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ni ẹranko ń wá oúnjẹ wá. Ó máa ń fò wọ iwájú ọkọ̀ lójijì, bí ọ̀kan bá sì ti kọjá, kí ẹ máa retí èkejì. Màlúù pẹ̀lú wà, nítorí pé inú oko ẹran tí ó fẹ̀ ju ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn lọ ni ọ̀nà náà gbà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò sì sí ọgbà tí ó pààlà ẹran pẹ̀lú títì. Màlúù dúdú tí ó dúró sí àárín títì ní òru kì í hàn títí ọkọ̀ yóò fi sún mọ́ ọn débi tí bíréèkì kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ràkúnmí igbó ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òyìnbó ni ó kó wọn wá ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn láti máa ru ẹrù, wọ́n sì tú wọn sí ìgbẹ́ nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sán gangan, idì ńlá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó máa ń jẹ òkú kangarúù lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ wúwo, kì í sì í tètè gbéra. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ dín eré kù kí ó lè ráyè fò.

Bí ẹranko bá já wọ iwájú yín, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, ẹ má ṣe yà fún un. Ó ṣòro láti ṣe nítorí pé ara fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fẹ́ yẹra, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ sọ ọ́ léraléra kí ẹ tó gbéra. Ọkọ̀ tí ó bá yà lójijì lórí eré 110 kìlómítà ní wákàtí kan yóò fi ọ̀dà sílẹ̀ bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, yóò sì gbókìtì. Gbígbókìtì yẹn ni ó sábà máa ń pa èrò inú ọkọ̀, ju kangarúù tí wọ́n ń yẹ̀ fún lọ.

Ẹ tún fara balẹ̀ ka ìwé àdéhùn ọkọ̀ háyà yín. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọkọ̀ háyà ní àgbègbè àríwá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lẹ́yìn odi ìlú láàárín ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ àti ìgbà tí ó bá yọ, bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀ ní àkókò náà, ẹ̀yin ni ẹ ó san gbogbo owó rẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún títì tí kò lọ́dà. Kí ẹ béèrè pẹ̀lú iye tí wọn yóò gbà nítorí pé Darwin ni ẹ ó ti dá ọkọ̀ padà dípò Adelaide, nítorí owó náà kì í ṣe kékeré.

Oṣù Keje jẹ́ ìgbà òtútù níbí. Ní Coober Pedy, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo méje ààbọ̀ àárọ̀, yóò sì ti wọ̀ kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí ẹ bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí ẹ tó gbéra, tí ẹ sì dé ibùsùn kí oòrùn tó rẹlẹ̀, àkókò tí ó kù fún yín kò ju wákàtí mẹ́jọ lọ púpọ̀, nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti jẹun, tí ẹ ó ti ra epo, tí àwọn ọmọ yóò sì ti ná ẹsẹ̀. Nǹkan bí 500 kìlómítà ni ó bójú mu lójúmọ́, 600 bí kò bá sí ohun tí ó dá yín dúró.

Bí èmi bá ni mo ń ṣètò rẹ̀ fún yín, ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní kọjá Port Augusta. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìwà ọkọ̀ náà, tí ẹ ó ti ra omi àti oúnjẹ ní iye tí kò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó dé Coober Pedy, nǹkan bí 540 kìlómítà. Lọ́jọ́ kẹta ẹ ó dé Erldunda, níbi tí ọ̀nà ti yà sí òsì lọ sí Uluru, òkúta ńlá tí ó jẹ́ ibi mímọ́ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Kí ẹ yà síbẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà, kí ẹ sì sun oorun ọjọ́ méjì níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gba Erldunda kọjá láìdé Uluru lè má tún ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ẹ padà bọ́ sí Alice Springs, kí ẹ sì sinmi ọjọ́ kan gbáko láìwakọ̀. Alice Springs sí Tennant Creek jẹ́ nǹkan bí 500 kìlómítà. Tennant Creek sí Katherine fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 670, ó ti pọ̀ jù fún ọmọdé àti àgbàlagbà, nítorí náà ẹ sùn ní Mataranka, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀ tí ènìyàn lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Katherine kò jìnnà mọ́, àti láti Katherine dé Darwin kù díẹ̀ kí ó pé 320. Ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ di ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì wọ inú ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ fi wà nílé, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Bí ẹ bá yọ Uluru àti ọjọ́ ìsinmi kúrò, ọjọ́ méje ni ó kéré jù tí mo lè fi ọwọ́ sí. Kí ẹ tètè san owó yàrá, nítorí pé oṣù Keje ni àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì ní gúúsù máa ń fa ilé onítáyà wọn lọ sí àríwá láti sá fún òtútù, àwọn yàrá kéékèèké tí ó wà lójú ọ̀nà sì máa ń kún.

Ní ti epo, ìlànà tí àwa awakọ̀ fi ń rìn ni pé ibikíbi tí ẹ bá ti rí ilé epo nígbà tí táńkì bá ti dé ìdajì, ẹ rà á, ẹ má ṣe wo iye tí wọ́n ń tà á. Láti Glendambo dé Coober Pedy jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà tí kò sí epo tàbí omi láàárín rẹ̀, àmì sì wà lójú ọ̀nà tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ilé epo tí ẹ gbójú lé kí ẹ tó kúrò ní ibi tí ẹ sùn, nítorí pé àwọn roadhouse wọ̀nyí a máa yí ọwọ́ padà, òmíràn a máa ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, púpọ̀ wọn kì í sì í ṣí mọ́jú. Bí ẹ bá rí i pé Opal ni wọ́n kọ sí ẹ̀rọ epo dípò bẹntiróòlù tí ẹ mọ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Wọ́n dín àwọn èròjà kan kù nínú rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ ní àgbègbè náà má baà máa fa òórùn epo símú láti fi yó, nítorí pé àṣà náà ti ba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí jẹ́. Kò ní ṣe ọkọ̀ yín ní nǹkan kan.

Omi mímu kì í ṣe ohun tí a ń ṣahun sí. Lítà 5 fún ẹnì kan lójúmọ́ ni kí ẹ fi ṣírò, kí ó sì tó ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin márùn-ún yóò nílò lítà 50 nínú ọkọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń mu lọ. Ẹ rí i pé táyà àpòjù wà tí ó dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù ní ìwọ̀n, pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, pé jáàkì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín sì ti pààrọ̀ táyà lẹ́ẹ̀kan nínú ọgbà ilé yín kí ẹ tó lọ.

Bí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ rìn lọ wá ìrànlọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ eléyìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ rọrùn láti rí láti ojú òfuurufú, òjìji wà lábẹ́ rẹ̀, omi yín sì wà nínú rẹ̀. Ènìyàn tí ó ń dá rìn nínú aṣálẹ̀ kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Lórí Stuart Highway, ọkọ̀ kan yóò kọjá nígbà tí ó bá yá, awakọ̀ ibẹ̀ kì í sì í fi ẹni tí ó bá na ọwọ́ sílẹ̀ lọ. Ní ti fóònù, ìlà Telstra ni ó dé ibi tí ó pọ̀ jù, síbẹ̀ ó máa ń kú pátápátá bí ẹ bá ti fi ìlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ yá fóònù sátẹ́láìtì, tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àmì pàjáwìrì ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. 000 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní apá gúúsù, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kun àmì funfun ńláńlá sójú títì. Pápá tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn dókítà Royal Flying Doctor Service lè balẹ̀ sí ni. Láti ọdún 1928 ni iṣẹ́ yẹn ti wà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sì ti gbà ní ilẹ̀ yìí.

Oorun ni mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Lórí ọ̀nà tí kò rọ́, tí kò gòkè, tí kò sì sí ohun tuntun tí ojú yóò rí, ojú awakọ̀ lè là sílẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ sì ti sùn. Bí ẹ kò bá lè rántí ibi tí ẹ gbà kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, tàbí tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ìlà funfun ẹ̀gbẹ́ títì, oorun ti wọlé nìyẹn. Kọfí kàn ń sún un síwájú díẹ̀ ni. Ẹ dúró ní ibi ìsinmi, kí awakọ̀ sùn fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Kí ẹ pààrọ̀ awakọ̀ ní wákàtí méjì-méjì, bóyá ó rẹ ẹni tí ó wà lórí ìjókòó tàbí kò rẹ̀ ẹ́, kí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ sì sinmi ní tòótọ́ dípò kí ó máa bá àwọn ọmọ jà. Iṣẹ́ yín mú kí n fi eléyìí kún un: ẹ má ṣe ti iṣẹ́ òru bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ sùn lálẹ́ kan ní ilé yín kí ẹ tó gbéra. Ìjọba fi àyè eré 130 sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́yìn tí ẹ bá wọ Northern Territory, agbègbè tí Darwin wà, 110 sì ni ti South Australia, ìpínlẹ̀ tí Adelaide wà, ṣùgbọ́n 100 sí 110 ni mo gbà yín nímọ̀ràn jálẹ̀. Epo yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ yóò sì ṣeé dá dúró bí nǹkan bá já wọ̀nà.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ńlá, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré kì í rí. Road train, ọkọ̀ kan tí ó fa tírélà mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, lè gùn tó mítà 53 àti ààbọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya á sílẹ̀, ẹ rí i pé iwájú ṣófo tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ lè ríran, kí ẹ sì lọ láìṣiyèméjì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá, ẹ má ṣe tètè wọ iwájú rẹ̀, ẹ má sì ṣe dín eré kù níbẹ̀. Àwa kò lè dúró bí ẹ ti lè dúró. Tírélà tí ó kẹ́yìn máa ń mì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ a sì máa fa ọkọ̀ kékeré mọ́ra, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú. Bí a bá ń ya ẹ̀yin náà sílẹ̀, ẹ dúró sí ìlà yín, ẹ má ṣe bọ́ sí òkúta ẹ̀bá títì, ẹ kàn dín eré kù díẹ̀ kí a lè tètè kọjá. Bí ẹ bá lè rí rédíò UHF lò, ìkànnì 40 ni àwa awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ lé, a ó sì sọ fún yín bí iwájú bá ṣófo tàbí bí màlúù bá wà lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè.

Oṣù Keje bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àríwá, ọ̀ràn omíyalé kò sì pọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo ìkéde ìjọba lórí ọ̀nà ní àràárọ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 2022, òjò ńlá gé Stuart Highway ní apá gúúsù, ọkọ̀ òfuurufú ológun ni ó sì gbé oúnjẹ lọ sí Coober Pedy. Bí omi bá bo títì, bí ó ti wù kí ó dà bíi pé kò jìn, ẹ yí padà.

Ní Coober Pedy, ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. Láti ọdún 1915 tí ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan ti rí òkúta iyebíye opal níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ náà, àwọn kòtò jíjìn tí kò ní ìdérí sì pọ̀ lẹ́yìn ìlú. Àmì tí wọ́n gbé síbẹ̀ sọ pé kí ènìyàn má sáré, kí ó má sì fi ẹ̀yìn rìn, èyí tí àwọn tí ń ya fọ́tò máa ń ṣe. Kí ẹ sùn nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ kan níbẹ̀, nítorí pé bí àwọn ará ìlú náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ ooru nìyẹn, yóò sì yé àwọn ọmọ ju ohun tí a lè sọ fún wọn lọ. Ṣáájú ibẹ̀, ẹ ó ti gba agbègbè Woomera kọjá, ibi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 láti máa dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Títì gbangba kò gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yà kúrò lórí rẹ̀ wọ inú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀: ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ó yà kúrò ní títì gba ìwé àṣẹ, gbígbé ọtí wọ ọ̀pọ̀ àwọn ìletò wọn sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Uluru yóò yé Bàbá ju bí yóò ti yé ọ̀pọ̀ àlejò lọ. Ọmọ Òṣogbo ni, ó mọ ohun tí igbó Ọ̀ṣun jẹ́, ó mọ̀ pé ibì kan wà tí gbogbo ènìyàn lè dé, ibì kan sì wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, bí àjọ UNESCO tilẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn láti ọdún 2005. Orúkọ Uluru pẹ̀lú wà nínú ìwé kan náà. Àwọn Anangu, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni ó ni ín. Ìjọba dá a padà fún wọn ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 1985, wọ́n sì fi òpin sí gígun òkúta náà ní ọjọ́ kan náà ní ọdún 2019. Àwọn ibì kan wà lára rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ ya ní fọ́tò, nítorí pé ìtàn ọkùnrin tàbí ti obìnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹ wo àmì, kí ẹ sì pa àṣẹ wọn mọ́ tọkàntọkàn. Mo ti rí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń bẹ́ kọjá okùn nítorí fọ́tò, ó sì dùn mí, nítorí pé a kì í gbà á fún àlejò ní ilé tiwa.

Láti Mataranka lọ sókè, ẹ má ṣe wọ odò tàbí adágún kankan tí kò sí àmì ìjọba pé ó ṣeé wẹ̀, bí ó ti wù kí omi náà mọ́ tó. Ọ̀nì ń bẹ níbẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Kí àwọn ọmọ má ṣe ṣeré ní bèbè omi rárá.

Ní ti Bàbá, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ mú wọn dání. Kí wọ́n jókòó sí iwájú, níbi tí ẹsẹ̀ wọn yóò ti nà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ rìn kiri ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ awakọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìjókòó pípẹ́ ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Àwọn àgbà wa a máa kọ̀ láti mu omi lójú ọ̀nà kí wọ́n má baà yọ ẹlòmíràn lẹ́nu pẹ̀lú ìtọ̀. Ẹ má ṣe gbà fún wọn. Kí oògùn wọn wà nínú páálí rẹ̀ nínú àpò ọwọ́ yín, kí ó sì ju iye ọjọ́ ìrìn àjò lọ. Alẹ́ Alice Springs ní oṣù Keje a máa tutù débi tí omi ń dì, nítorí náà ẹ ra ẹ̀wù òtútù tí ó nípọn fún wọn ní Adelaide. Àlejò láti Nàìjíríà kò sí lábẹ́ ètò ìlera Medicare, owó ọkọ̀ aláìsàn níbí sì lè ga gan-an, nítorí náà ẹ ra ìwé adójútòfò tí ó kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sínú rẹ̀ ní kedere, tí yóò sì gba ìgbéniláti-aṣálẹ̀-lọ-sí-ilé-ìwòsàn rò. Ilé ìwòsàn wà ní Port Augusta, Coober Pedy, Alice Springs, Tennant Creek, Katherine àti Darwin. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí pé apá òsì, bíi ti ibí, ni àwọn náà fi ń wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn wà á, àfi bí orúkọ wọn bá wà nínú ìwé háyà.

Alice Springs ni kí ẹ ti jókòó bi wọ́n léèrè, láàárín ẹ̀yin àti àwọn nìkan, bí ara wọn ti rí. Ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àárín ọ̀nà, pápá ọkọ̀ òfuurufú sì wà níbẹ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, kí ọ̀kan nínú yín bá wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Darwin. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó kù pẹ̀lú àwọn ọmọ fi ọjọ́ méjì kún ọ̀nà náà, nítorí pé kò ní sí ẹni tí yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.